Ọlọ́pàá kì í pẹ́ lábúlé wa: ṣé ilé ni ká kọ́ fún wọn ni, àbí ọ̀kadà ni ká rà?

Akọ̀wé_Ìlú

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin èèyàn mi. Òkè-Ògùn nílùú wa wà, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi orúkọ rẹ̀ bò. A ní àgọ́ ọlọ́pàá kan. Èèyàn mẹ́fà la gbọ́ pé ó wà nínú ìwé wọn, mẹ́ta la ń fojú rí. Láàárín ọdún márùn-ún, ọ̀gá mẹ́rin ló ti gba ibẹ̀ kọjá. Èyí tó kẹ́yìn kò lò ju oṣù méje lọ. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ orúkọ ìyàwó rẹ̀ ni, signal dé, ìyẹn ìwé àṣẹ tí wọ́n fi ń gbé ọlọ́pàá lọ síbòmíràn, wọ́n gbé e lọ. Àwọn mẹ́ta tó kù náà, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá ẹni tó mọ ọ̀gá tó lè gbé wọn lọ sí Ìbàdàn tàbí Èkó.

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ti dá owó, ó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù mẹ́ta náírà. Àwọn kan ní ká fi kọ́ yàrá mẹ́ta sẹ́yìn àgọ́ fún wọn. Àwọn ọ̀dọ́ ní rárá, ọ̀kadà ni ká rà, kí wọ́n lè máa rìn lóru. Kábíyèsí ní kí ẹnikẹ́ni má tíì fọwọ́ kan owó náà, ká kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ìyẹn ló gbé mi wá síbí. Kí ló ń lé ọlọ́pàá kúrò lábúlé, kí ló sì lè mú un jókòó?

Ọmọ_Ṣakí

Owó oṣù ni. Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú.

Bàbá_Kákí

Ọmọ_Ṣakí, ó dà bíi pé o mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n dúró ná. Ọdún 35 ni mo fi wọ aṣọ dúdú kí n tó fẹ̀yìn tì, abúlé ni mo sì ti lo ọdún 11 nínú rẹ̀. Owó kéré, mi ò jiyàn. Wọ́n fi ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún kún un ní January 2022, lẹ́yìn rògbòdìyàn EndSARS, ọjà sì ti gbé e mì kí ọdún tó yí po. Àmọ́ owó tí kọ́ńsítébù ń gbà ní Ìkẹjà náà ló ń gbà lábúlé. Tó bá jẹ́ owó nìkan ló ń lé wọn, abúlé gan-an ni wọn ì bá máa sá wá, nítorí iṣu kò wọ́n níbẹ̀, owó ilé kò sì tó nǹkan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí. Ní àgọ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́, ọkọ̀ kan ṣoṣo la ní, bátìrì rẹ̀ ti kú tipẹ́. Orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ la máa ń gbé e sí, ká lè rí i tì tó bá di dandan. Lóru ọjọ́ kan, ìyá kan sáré wọlé láìwọ bàtà pé àwọn adigunjalè wà nílé àwọn. Àwa mẹ́ta ti ọkọ̀ títí ó fi jí. Epo kò sí nínú rẹ̀. Mo yọ ẹgbẹ̀rún méjì lápò ara mi, a lọ kan ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó ń ta epo nínú jálá. Ó ní òun ò ní ṣílẹ̀kùn, ta ló mọ̀ bóyá àwa gan-an ni olè! A bẹ̀ ẹ́ títí. Ìgbà tí a máa débẹ̀, wọ́n ti lọ, wọ́n ti ṣá ọkọ ìyá yẹn lọ́wọ́. Mo fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú, mo ń kọ sitétímẹ́ǹtì lórí orúnkún, bébà tí mo ń kọ ọ́ sí, èmi ni mo rà á. Àwọn aládùúgbò dúró yí mi ká. Kò sẹ́ni tó bú mi. Wọ́n kàn ń wò mí.

Ẹgbẹ̀rún méjì yẹn kò padà wá títí dòní, mo sì ti gbàgbé rẹ̀. Ojú tí wọ́n fi wò mí ni mi ò gbàgbé. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò bá mi wá ibòmíràn.

Àdùkẹ́_Òkìtì

Ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀yin àgbà. Owó tí ìlú dá, àwọn tó ń dá ọlọ́kadà dúró lójú ọ̀nà lẹ fẹ́ fi kọ́lé fún? Lọ́dún tó kọjá, bàbá mi san owó béèlì lẹ́ẹ̀mejì lórí ọ̀rọ̀ ààlà oko. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri àgọ́ pé ọ̀fẹ́ ni béèlì. Ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí yẹn gan-an ni bàbá mi fẹ̀yìn tì nígbà tó ń ka owó.

Ọmọ_Ṣakí

😂😂 Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹ ti pa mí.

Bàbá_Kákí

Àdùkẹ́, ọmọ mi, mi ò ní bá ọ jà, òótọ́ lo sọ. Ẹni tó bá ń fi owó ilé rẹ̀ ra epo sọ́kọ̀ ìjọba, lọ́jọ́ kan yóò wá ibi tí owó náà yóò ti jáde. Tó bá ti kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, kò ní mọ ìgbà tí yóò kọjá owó epo. Mo rí i lára àwọn tí a jọ wọṣẹ́.

Àdùkẹ́_Òkìtì

Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ kò pè mí ní aláfojúdi. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ sọ yẹn, àlàyé ni. Owó bàbá mi ṣì wà lọ́hùn-ún.

Ìyàwó_Sájẹ́ǹtì

Ẹ kú ìjókòó o. Ọkọ mi wà lábúlé kan ní Èkìtì, ọdún kẹrin rẹ̀ rèé. Èmi àtàwọn ọmọ wà ní Òṣogbo. Tẹ́ ẹ bá bi í, á ní òun gbádùn ibẹ̀. Ó mọ gbogbo wọn lórúkọ, ó mọ ewúrẹ́ ta ló ń jẹ ẹ̀gẹ́ ta. Nígbà ọdún ìjẹṣu, kò sẹ́ni tí kì í gbé iṣu wá fún un. Ọ̀rọ̀ ìkòkò méjì tó fọ́ ló ń bá wọn parí láàárọ̀, wọn á ti jọ máa jẹ ọsàn kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tó wà nílùú ńlá, ẹnu géètì ọlọ́lá kan ni wọ́n fi í sí, ó ń ṣílẹ̀kùn fún mọ́tò. Ó sọ fún mi pé ọdún yẹn lòun kọ́kọ́ tijú iṣẹ́ náà.

Síbẹ̀ òun náà ti ń wá trànsífà báyìí. Èmi ni mo ní kó wá a. Àkọ́bí wa ti wọ SS1, sáyẹ́ǹsì ló fẹ́ ṣe, kò sí olùkọ́ físíìsì kankan lábúlé yẹn. Èmi náà, tíṣà ni mí. Tí mo bá kó lọ bá a, níbo ni mo ti fẹ́ ríṣẹ́? Yàrá tó sì ń gbé, tójò bá ti ń ṣú, tapólì ló máa ń tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì kó tó jáde lọ ibi iṣẹ́. Mo sun ibẹ̀ lóru ọjọ́ kan nígbà òjò, mo gbọ́ ro, ro, ro títí ilẹ̀ fi mọ́.

Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti bi àwọn mẹ́ta yín léèrè? Gbogbo wa là ń fún yín lésì níbí. Ṣé wọ́n ti sọ tẹnu wọn?

Akọ̀wé_Ìlú

Màmá, kí n má parọ́, a ò bi wọ́n. A rò pé wọ́n á ní owó ni.

Agbẹjọ́rò_Àdúgbò

Ẹ jẹ́ kí n bá Akọ̀wé wò ó díẹ̀ lójú òfin. Ti ìjọba àpapọ̀ ni ọlọ́pàá. Abala 214 nínú òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 sọ pé iléeṣẹ́ ọlọ́pàá kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wà ní gbogbo Nàìjíríà. Nítorí náà, tí ẹ bá kọ́lé sórí ilẹ̀ àgọ́, tiwọn ló dà yẹn. Ọ̀gá mìíràn lè dé lọ́la kó sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ń kó ẹrù sí. Ẹ kọ́ ọ sórí ilẹ̀ ìlú, kí ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, kí ẹ sì yá wọn gbé. PCRC, ìgbìmọ̀ tó ń ṣe alárinà láàárín ará ìlú àti ọlọ́pàá, ni kó dúró sí àárín yín. Ẹ má gbé owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Owó epo tí Bàbá_Kákí ń sọ, òfin ti wà lórí ẹ̀. Wọ́n dá àpò àkànṣe fún ọlọ́pàá sílẹ̀ lọ́dún 2019: ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọ àpò àpapọ̀ orílẹ̀-èdè ni òfin náà ní kó máa lọ síbẹ̀, fún ohun èlò àti ẹ̀kọ́ṣẹ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n buwọ́ lu òfin ọlọ́pàá tuntun, tí èyí tí Gẹ̀ẹ́sì fi lọ́lẹ̀ lọ́dún 1943 fi kógbá sílé. Ìwé ti dáa.

Ọmọ_Ṣakí

Ìwé ti dáa, bátìrì ò dáa.

Àbúrò_Minnesota

Ẹ káàárọ̀ o, ó ti lè jẹ́ alẹ́ lọ́dọ̀ yín. Ìlú kékeré kan wà níhìn-ín tó ń jẹ́ Goodhue, èèyàn ibẹ̀ kò ju bí 1,300 lọ. Ní August 2023, gbogbo ọlọ́pàá ìlú náà kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, àtọ̀gá àtọmọṣẹ́, kò ku ẹyọ kan. Ọ̀gá wọn ti sọ fún ìgbìmọ̀ ìlú pé dọ́là 22 fún wákàtí kan kò lè fa ẹnikẹ́ni wá mọ́, pé àwọn ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ń san jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ṣẹ́ríìfù ló wá ń bá wọn ṣọ́ ìlú lẹ́yìn náà. Nítorí náà Ọmọ_Ṣakí kò ṣìnà pátápátá. Níbí, owó ló lé wọn, nítorí ìlú kọ̀ọ̀kan ló ń san tirẹ̀, ìlú tó bá sì tóbi ni owó rẹ̀ máa ń pọ̀.

Bàbá_Kákí

O ṣeun, Àbúrò. Wò ó, lọ́dọ̀ tiwa, ta ló ń kọ̀wé? Ṣàṣà ni. Iṣẹ́ ìjọba ni, owó ìfẹ̀yìntì wà níwájú bó ti wù kó kéré tó, ẹbí ló sì ń jẹun lórí ẹ̀. Ọlọ́pàá wa kì í fiṣẹ́ sílẹ̀, abúlé ló ń fi sílẹ̀. Á wà nínú ìwé àgọ́ yín, á máa gba owó oṣù, ẹ ò ní rí ojú rẹ̀. Akọ̀wé, àwọn mẹ́ta tí ẹ ò rí yẹn, mo lè fi ọrùn mi búra pé ọ̀kan nínú wọn ń gbé báàgì ìyàwó ọlọ́lá kan káàkiri.

Ọmọ_Ọdẹ_Ìgbòho

Ṣé wọn ò tíì dá wọn padà ni? Ní November 2025, Ààrẹ Tinubu pàṣẹ pé kí ọlọ́pàá kúrò lẹ́yìn àwọn ọlọ́lá, pé kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀ṣọ́ lọ tọrọ Sífíìlì Díféńsì (NSCDC). Wọ́n tún ní àwọn máa gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta ọlọ́pàá tuntun.

Akọ̀wé_Ìlú

Títí di àárọ̀ yìí, mẹ́ta náà ni.

Ọmọ_Ọdẹ_Ìgbòho

Tèmi ni pé kí ẹ gbé owó yẹn fún àwọn ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn yín. Láti January 2020 tí wọ́n ti ṣí i n'Íbàdàn, ẹ wo àwọn tó wà níbẹ̀, ọmọ wa ni. Wọ́n mọ igbó, wọ́n mọ ibi tí odò ti ṣeé là kọjá. Ta ló fẹ́ gbé signal fún wọn? Ilé bàbá wọn ni wọ́n wà. Ọlọ́pàá tí wọ́n kó wá láti ibi tí kò ti gbọ́ èdè wa, ẹ fẹ́ kó fẹ́ràn ibẹ̀?

Àgbà_Ìwéré

Ẹ̀yin ọmọdé ò mọ ohun tí ẹ ń pè. Mo bá ọlọ́pàá ìbílẹ̀ láyé, àwọn tí à ń pè ní ọlọ́pàá N.A. (Native Authority). Ọmọ ìlú ni wọ́n, òótọ́ ni, wọn kì í sá lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí òṣèlú gbóná ní Ìwọ̀-Oòrùn, àwọn gan-an ni wọ́n ń rán wá mú ẹni tó bá wà nínú ẹgbẹ́ kejì. Wọ́n mọ ilé rẹ, wọ́n mọ ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé rẹ. Lẹ́yìn tí ṣọ́jà gbàjọba lọ́dún 1966 ni wọ́n tú wọn ká. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ ilé, kì í lè mú ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Àjèjì lè mú un. Ìyẹn náà ní àǹfààní tirẹ̀.

Ọmọ_Ọdẹ_Ìgbòho

Bàbá, mo gbọ́. Àmọ́ àjèjì tí kò sí níbẹ̀, ta ló fẹ́ mú?

Àkànbí_Lincoln

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i. PCSO, ìyẹn olùrànlọ́wọ́ ọlọ́pàá, ni mí ní Lincolnshire, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo wọ aṣọ wọn, mi ò ní agbára láti mú èèyàn bíi ti kọ́ńsítébù gan-an. Oko ni gbogbo ibí, pẹrẹsẹ bí ojú omi. Ìṣòro ńlá tí wọ́n ń pè wá sí nígbà òtútù ni àwọn tó ń fi ajá lé ehoro. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Òfin ọdún 2004 ló kà á léèwọ̀. Tẹ́tẹ́ ni wọ́n ń ta lé e lórí, wọ́n sì máa ń wa mọ́tò gba orí ọ̀gbìn olóko. Àgbẹ̀ tó bá yọjú, wọ́n á halẹ̀ mọ́ ọn.

Kọ́ńsítébù tó ń lọ síbẹ̀ sábà máa ń dá wà nínú mọ́tò. Ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́ jìnnà. Ohun tí mo ń gbọ́ lẹ́nu wọn ni pé dídá wà yẹn ló ń sú wọn, ju owó lọ. Wọn ò lè yanṣẹ́ lódì, òfin 1919 ti dí i. Àmọ́ òfin kan náà ló dá Police Federation sílẹ̀ láti máa sọ̀rọ̀ fún wọn. Ṣé àwọn tiwa ní irú ẹ̀?

Bàbá_Kákí

Rárá o. A yanṣẹ́ lódì lẹ́ẹ̀kan, ní February 2002. Owó tí wọ́n jẹ wá ló fà á. Ìjọba ní kò bófin mu. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni ọ̀gá ọlọ́pàá yányán, Musiliu Smith, kúrò nípò, wọ́n sì lé ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n fura sí. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ní ẹ̀dùn ọkàn, ìyàwó rẹ̀ ló ń sọ ọ́ fún.

Ọ̀rọ̀ ìfẹ̀yìntì tún wà ńbẹ̀. Àwọn ọmọ kéékèèké ń wò wá. Wọ́n yọ ṣọ́jà kúrò nínú ètò ìfẹ̀yìntì alájọdá, èyí tí òṣìṣẹ́ àti ìjọba jọ ń dá owó sí, lọ́dún 2011, wọ́n fi ọlọ́pàá sílẹ̀ síbẹ̀. Ní July 21, 2025, àwọn àgbààgbà tí a jọ ṣiṣẹ́ dúró nínú òjò l'Ábùjá láti ké gbàjarè. Mo fẹ́ lọ, orúnkún ò gbà fún mi. Ọmọ ọdún 24 tó bá rí ìyẹn lórí fóònù rẹ̀, ṣé ó máa jókòó lábúlé tí kò sí owó gidi, kó máa retí ọjọ́ alẹ́? Á sáré lọ síbi tó ti lè rí tirẹ̀ kó jọ báyìí-báyìí ni.

Àdùkẹ́_Òkìtì

Ìbéèrè kan ni mo ní. Iṣu tí wọ́n ń gbé fún ọkọ Ìyàwó_Sájẹ́ǹtì, rìbá kọ́ nìyẹn?

Ìyàwó_Sájẹ́ǹtì

Àǹtí mi, mo ti bi í rí. Ó ní tó bá jẹ́ lẹ́yìn tí ẹjọ́ parí, tó sì jẹ́ pé ẹni tó jàre àtẹni tó jẹ̀bi ló jọ gbé e wá, iṣu ni. Tó bá jẹ́ pé ẹnìkan ṣoṣo ló gbé e wá, tí ẹjọ́ ò sì tíì parí, á ní kó gbé e padà sílé. Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mi ò bá a gbé níbẹ̀, mi ò lè búra.

Àdùkẹ́_Òkìtì

Ó dáa. Ìyẹn yé mi ju ohun tí wọ́n kọ sára ògiri lọ.

Akọ̀wé_Ìlú

Ẹ kú ìsinmi. Mo ti padà dé. Ọ̀rọ̀ Ìyàwó_Sájẹ́ǹtì kò jẹ́ kí n sùn, ni mo bá lọ sí àgọ́ ní àárọ̀ Sátidé, èmi àti Ìyálóde. A kó àkàrà dání, a ní ọ̀rọ̀ la bá wá, kì í ṣe ẹjọ́. Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà wọ́n. Wọ́n rò pé a ti kọ̀wé ẹ̀sùn nípa wọn lọ sí Ìbàdàn.

Èyí tó dàgbà jù nínú wọn dákẹ́ pẹ́, ó wá sọ pé òun ò fẹ́ ilé. Ó ní yàrá tí òun háyà lọ́dọ̀ ìyá arúgbó kan tó òun. Ohun tí òun fẹ́ ni ṣáláńgá. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti dé, inú igbó ẹ̀yìn àgọ́ ni àwọn ń lọ, àwọn àti ẹni tí àwọn tì mọ́lé. Pé nígbà tí wọ́n gbé ọlọ́pàá obìnrin kan wá ní ọdún kejì sẹ́yìn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò. Èmi tí mò ń kọ̀wé ìlú yìí láti ọdún mẹ́sàn-án, mi ò mọ̀ pé kò sí ṣáláńgá níbẹ̀. Ìyálóde kàn ń wo ilẹ̀.

Ìkejì, kọ́ńsítébù ọmọ kékeré, ó ní kí a jẹ́ kí òun máa sùn. Ó ní aago méjì òru làwọn èèyàn máa ń wá jí òun nítorí ìjà tọkọtaya, ilẹ̀ mọ́, wọ́n á ní àwọn ti parí ẹ̀ nílé. Ó ní ìyàwó òun kàwé nọ́ọ̀sì, ó sì ń jókòó lásán n'Ílọrin. A ní ilé ìwòsàn kékeré tí kò ní nọ́ọ̀sì! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. A ti bá alága ìjọba ìbílẹ̀ sọ̀rọ̀, kò tíì fún wa lésì.

Ìkẹta rẹ́rìn-ín, ó ní ká má ná owó lórí òun, signal òun ti jáde ní Ọjọ́bọ̀. Ó jẹ àkàrà náà dáadáa ṣá.

A ti pinnu: ṣáláńgá ihò méjì, ti obìnrin lọ́tọ̀, àti páànù òrùlé àgọ́. Bátìrì ọkọ̀ àgọ́ wa, ìlú máa rà á. Owó epo ni ìjà ṣì wà lórí ẹ̀, àwọn kan ní tí a bá bẹ̀rẹ̀ a ò ní lè dá a dúró mọ́. Ọ̀kadà dìgbà tó bá yá.

Ẹni tó bá mọ bíríkìlà tó lè kọ́ ṣáláńgá tí kò ní wó tójò bá dé, láti ìhà Òkèhò tàbí Ìsẹ́yìn, kó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Bàbá_Kákí

Mo mọ ẹnìkan ní Ìsẹ́yìn. Mo ti fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ. Sọ fún un pé èmi ni mo rán ọ, kó má gbówó lé e.